Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa nítorí òjò dídì: kí ni mo lè gbìn lónìí?

Ìyá Ìbejì, Baltimore
Ọjọ́rú, 6:20 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará oko ẹ̀yìnkùlé, ẹ sì kú òtútù.

Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta ni fóònù mi dún pé kò sí ilé ẹ̀kọ́ lónìí. Tísà ni mí, aṣọ iṣẹ́ ni mo ń lọ̀ lọ́wọ́. Mo pa áyọ́ọ̀nù, mo fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, mo kàn ń wo ìta. Àwọn ìbejì mi ló jàre mi. Lálẹ́ àná wọ́n wọ píjámà sódì, wọ́n fi ṣíbí sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n ní ohun tí gbogbo ọmọ kíláàsì àwọn ń ṣe nìyẹn kí òjò dídì lè rọ̀. Mo pariwo mọ́ wọn pé ṣíbí ọbẹ̀ kì í sun orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnu mi ti wọhò báyìí.

Ó ti tó ínṣì 8 nílẹ̀, kò sì tíì dáwọ́ dúró. Ebè mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti bò mọ́lẹ̀ pátápátá, orí ọ̀pá tí mo fi gbé tòmátò ró lésìí nìkan ló yọ síta.

Ohun tó gbé mi dé ibí ni pé odidi ọjọ́ kan já bọ́ sí mi lọ́wọ́, mi ò sì fẹ́ fi wo tẹlifíṣọ̀n. Mo ní hóró ata rodo tí mo yọ sílẹ̀ nínú èyí tí mo rà lọ́jà, mo ní ewédú, tẹ̀tẹ̀, ilá àti ẹfinrin. Àmọ́ ojú mi rí màbo lésìí. Ewédú tí mo gbìn sínú kọ́ọ̀pù nínú oṣù kẹta, mo da hóró bí ọgọ́ta sí i, mẹ́rin péré ló hù. Ata rodo hù ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ, ó ga, ó ga, ó tẹ̀ síbi tí wíńdò wà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo jí, gbogbo rẹ̀ ti dojú bolẹ̀, ìdí rẹ̀ rọ̀ pẹ̀tẹ̀ bí ewé tí wọ́n bọ̀. Ewúro tí mo gbé wọlé nínú ìkòkò náà ń wọ́wé lójoojúmọ́.

Bí mo sì ṣe ń kọ èyí, baálé mi wà níta pẹ̀lú ṣọ́bìrì, ó ń kó òjò dídì ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí dà sórí ebè mi tó sún mọ́ ọ̀nà. A ti da iyọ̀ síbẹ̀ lánàá. Ó ní omi lásán ni, á yọ́. Ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá Aláta, Houston
6:41 àárọ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire ìsinmi. Ẹ gbin gbogbo rẹ̀ lónìí! Kí lẹ ń dúró dè? Èmi ti gbin ata rodo láti ọjọ́ kejì ọdún tuntun, ó ti ní ewé mẹ́fà mẹ́fà. Tó bá fi máa di àárín oṣù kẹta, ó ti wà nílẹ̀ níta. Ẹ da ewédú náà sí i. Ohun tó bá wà nínú pákẹ́ẹ̀tì kò lè hù.

Tísà Ìṣirò, Maryland
6:58 àárọ̀

Ẹ má dá Bàbá Aláta lóhùn o. Ẹ padà lọ sùn.

Ṣé ẹ tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ ṣoríire? Ní agbègbè tiwa, kíláàsì orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ní ká ṣe. Láti aago mẹ́sàn-án ni n óò ti jókòó síwájú kámẹ́rà, ọmọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n á pa fídíò tiwọn, mi ò sì ní mọ èyí tó ń sùn. Àsìkò Kòrónà ni wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n yẹn. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní New York pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀ nínú oṣù kejì ọdún 2024. Tí ọjọ́ tí òjò dídì gbà bá wá ju iye tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ lọ, inú oṣù kẹfà lẹ máa san án padà, nínú oòrùn. Ẹ kúkú gbádùn gbèsè yẹn. Ẹ po tíì, ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí àga.

Olóko Ẹ̀yìnkùlé, Philadelphia
7:33 àárọ̀

Ọ̀nà wa kò jìn síra, ojú ọjọ́ wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, nítorí náà ẹ jẹ́ n tún ọ̀rọ̀ Bàbá Aláta ṣe. Ẹ jọ̀ọ́ sà, Houston kọ́ ni Baltimore. Àárín oṣù kẹrin ni ìrì dídì tó kẹ́yìn sábà máa ń bọ́ sí lọ́dọ̀ wọn, ó sì máa ń tún yọjú lẹ́yìn ìyẹn nígbà míì. Pé ìrì dídì lọ kò ní kí ọ̀gbìn ilé wa jáde lọ́jọ́ kejì. Ata rodo kò fẹ́ òru tó bá tutù ju ìwọ̀n 55 lọ, Fahrenheit ni mo ń sọ. Àárín oṣù karùn-ún nìyẹn. Ẹ wá ka ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kún un torí pé ata rodo kì í kánjú hù. Inú oṣù kejì tí a wà yìí ló bọ́ sí gan-an. Ata rodo lẹ lè gbìn lónìí. Òun nìkan.

Ẹ dúró ná lórí ewédú. Erùpẹ̀ gbígbóná ló ń fẹ́, ìparí oṣù karùn-ún ni èmi ń da tèmi sílẹ̀ tààrà. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: ewédú máa ń ka gígùn ọjọ́. Tí ọjọ́ bá kúrú, á sáré yọ òdòdó, á gbó kó tó dàgbà. Èyí tẹ́ ẹ bá gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò báyìí lè má ju ìka mẹ́rin lọ tí á fi máa so. Oṣù kẹfà níbí, tí oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́jọ alẹ́ fi kọjá, ewé nìkan ni á máa yọ. Ìyẹn wà lára ohun tí ìlú òyìnbó fi ṣe wá lóore. Ilá náà, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú kẹ́ ẹ tó gbìn ín nígbà tí ilẹ̀ bá móoru, kò fẹ́ kí wọ́n máa fọwọ́ kan gbòǹgbò òun. Hóró tẹ̀tẹ̀ kéré gan-an. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ibì kan ni gbogbo rẹ̀ á kó jọ sí. Ẹfinrin, ìparí oṣù kẹta, nínú ilé.

Ata tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ebi iná ló ń pa á. Ìmọ́lẹ̀ wíńdò oṣù kejì kò tó o. Mo ra iná gbọọrọ tí wọ́n ń fi sí gáréèjì, mo fi ṣéènì so ó mọ́ àjà bésímẹ́ǹtì, ìka mẹ́ta péré ló wà láàárín iná àti orí ewé. Bí ata bá ṣe ń ga ni mo ń fa ṣéènì sókè. Wákàtí 15 ni mo ń tàn án lójúmọ́, mo sì ń pa á lóru kó lè sùn. Èyí tó dojú bolẹ̀ lójijì, omi ló pa á. Erùpẹ̀ tó bá tutù tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́ sí, ó máa ń bu, ààrùn á sì mú ọrùn ọ̀gbìn níbi tó ti kan ilẹ̀. Ẹ má bu omi lé e lórí mọ́. Ẹ gbé kọ́ọ̀pù tó ní ihò nídìí sínú tíréè omi, kó mu ún látìsàlẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ da èyí tó kù nù. Ẹ fi fáànù kékeré sí i. Ẹ má sì lo erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé nínú kọ́ọ̀pù, ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún hóró.

Ata rodo fẹ́ ooru bí ìwọ̀n 80 nínú erùpẹ̀ kó tó hù. Ẹ gbé e sórí fíríìjì.

Ní ti baálé yín, ẹ dá wọn dúró lójú ẹsẹ̀! Òjò dídì tó mọ́ kò ṣe ebè ní nǹkan kan, ààbò ni. Èyí tó ti bá iyọ̀ pàdé, tó bá yọ́, iyọ̀ á wọ ilẹ̀, ewé á máa jó létí bí ẹni fi iná rà á, erùpẹ̀ á sì le. Èyí tí ọkọ̀ ti tẹ̀, ó tún ní epo nínú. Ẹ ní kí wọ́n kó o sórí ọ̀dàn tí ẹ kò fẹ́ràn. Lọ́la, yanrìn ni kẹ́ ẹ dà sí ọ̀nà.

Ìyá Ìbejì, Baltimore
7:50 àárọ̀

Mo ti sáré jáde pẹ̀lú sálúbàtà! Wọ́n ti da ṣọ́bìrì bí ogún síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n kó o kúrò, wọ́n wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú, àmọ́ wọ́n ń kó o. Ẹ ṣé gan-an.

Àgbẹ̀ Ilé, Ògbómọ̀ṣọ́
8:05 àárọ̀ (aago méjì ọ̀sán lọ́dọ̀ wa)

Ẹ kú ọ̀sán láti ilé. Ẹ̀yin ń sunkún òtútù, àwa ń wá ibòji kiri. Ọyẹ́ ti kógbá sílé, ooru ló kù.

Ìyá Ìbejì, mẹ́rin nínú ọgọ́ta kì í ṣe ẹjọ́ erùpẹ̀ nìkan. Èèpo hóró ewédú le, omi kì í tètè ráyè wọ inú rẹ̀. Ìyá mi máa ń da hóró sínú àkísà aṣọ, á so ó bí ẹni so owó mọ́ ìdí ìró, á rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, á ka oókan dé ẹẹ́wàá, á fà á yọ. Á tẹ́ ẹ sórí atẹ́ lábẹ́ ibòji títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ, kó má baà lẹ̀ mọ́ra wọn tó bá ń fọ́n ọn. Kó tó pé ọjọ́ márùn-ún, ilẹ̀ ti ń ṣí.

Irú ewédú wo ni tiyín, Amúgbádù àbí Oníyàyà? Tẹ́ ẹ bá fẹ́, mo lè di díẹ̀ sínú àpòòwé kí n fi ránṣẹ́. Ìbàdàn kò jìnnà sí mi, wọ́n ń tọ́jú irú rẹ̀ ní NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba lórí ọ̀gbìn ewébẹ̀ àti èso, ní Ìdí-Ìṣin.

Ìyá Ṣadé, Chicago
8:29 àárọ̀

Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó? Ṣé ẹ fẹ́ se ewédú kó tó hù ni?

Mo gbọ́ ìmọ̀ràn yìí lẹ́nu ẹnìkan ní ìjelòó, mo ṣe é, mo fi pàdánù hóró tí wọ́n kó wá fún mi láti Ìbàdàn. Ọ̀kan ò hù. Láti ìgbà náà, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo ń fi rẹ ẹ́ mọ́jú, díẹ̀ máa ń hù, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin Philadelphia, ẹ má bínú, fíríìjì ayé òde òní kì í gbóná lórí mọ́. Ìsàlẹ̀ lọ́pọ̀ wọn ti ń tú ooru jáde. Ẹ gbọ́wọ́ lé tiyín kẹ́ ẹ wò ó. Ẹní oníná tí wọ́n ń tà fún hóró ni kí wọ́n rà, kò wọ́n.

Mo tún fẹ́ sọ pé kò sí ìdí tí gbogbo nǹkan á fi wà nínú ilé. Ẹ wá gálọ̀nù mílíìkì tó ti tán. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e yípo ní ìdajì, kẹ́ ẹ fi ibi kékeré sílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kó ṣe ilẹ̀kùn. Ẹ lu ihò sídìí rẹ̀. Erùpẹ̀ tó tó ínṣì 3, hóró lórí rẹ̀, omi díẹ̀, ẹ fi téèpù dì í padà, ẹ ṣí ìdérí ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e sínú yìnyín níta, ẹ gbàgbé rẹ̀. Yìnyín á yọ́ wọ ibi ẹnu, á bomi rin ín fún yín. Mo ní méjìlá lórí bálíkónì mi báyìí, yìnyín ti bò wọ́n dé ọrùn.

Olóko Ẹ̀yìnkùlé, Philadelphia
8:44 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gbọ́wọ́ lé fíríìjì mi. Ó tutù bí orí ẹja. Ẹ jàre mi.

Gálọ̀nù mílíìkì dáa, èmi náà ń ṣe é. Àmọ́ ẹ ò sọ ohun tó wà nínú tiyín, Ìyá Ìbejì á sì lọ da ewédú sí i. Ohun tó fẹ́ràn òtútù ló wà fún: kéèlì, kólládì, létíìsì, àlùbọ́sà, sípínáàṣì. Ewédú, ilá, ata, tẹ́ ẹ bá fi wọ́n sínú yìnyín, ìsìnkú ni.

Ìyá Ṣadé, Chicago
8:51 àárọ̀

Òótọ́ ni, mo yẹ kí n sọ ọ́. Kólládì àti àlùbọ́sà ló wà nínú tèmi. Kólládì ni mo fi ń se ẹ̀fọ́ rírò nígbà tí tẹ̀tẹ̀ ò bá tíì yọ, ẹni tí mi ò bá sọ fún kì í mọ̀.

Àgbẹ̀ Ilé, Ògbómọ̀ṣọ́
8:58 àárọ̀

Ìyá Ṣadé, báwo lẹ ṣe pẹ́ tó nínú omi?

Ìyá Ṣadé, Chicago
9:02 àárọ̀

Mi ò ka nǹkan kan. Mo dà á sínú omi, fóònù dún, àbúrò mi ni láti Èkó. Ẹ mọ bí ìyẹn ṣe ń rí.

Tísà Ìṣirò, Maryland
9:20 àárọ̀

Mo wà nínú kíláàsì, ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá mi gbọ́. Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí àwọn ìbejì yín bá wa parí ìjà yìí. Kí wọ́n ka hóró ewédú ogún sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ má ṣe ogún àkọ́kọ́ ní nǹkan kan. Ẹ rẹ ogún kejì sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́jú. Ẹ fi ogún kẹta sínú aṣọ, kẹ́ ẹ rì í bọ omi gbígbóná fún kíka mẹ́wàá. Ẹ wá tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí tíṣù ìnuwọ́ tó tutù, ẹ fi sínú àpò ọ̀rá, ẹ kọ orúkọ sí i, ẹ fi síbi tó móoru, kẹ́ ẹ máa kà wọ́n lójoojúmọ́. Kò ní ná yín ju ọgọ́ta hóró lọ, ẹ óò sì mọ̀ bóyá hóró yín ṣì láyé kí oṣù karùn-ún tó dé. Ìsinmi ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe, mo mọ̀. Èyí kì í ṣe iṣẹ́.

Ará Peckham, London
9:37 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ tiwa. Ìyá Ṣadé, ẹ má bínú, kì í ṣe yìnyín nìyẹn. Yìnyín ni èyí tó ń bọ́ lu páànù gbà-gbà-gbà nílé, tí a máa ń sáré ṣà jẹ nígbà tí a wà lọ́mọdé. Èyí tó ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú, òjò dídì ni. Lọ́dọ̀ wa, tí ó bá rọ̀ tó ínṣì 1 péré, wọ́n á ti ilé ẹ̀kọ́, rélùwéè á dúró, gbogbo ìlú á máa ya fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ ewúro ni mo fẹ́ dá sí, torí ẹ ti gbàgbé rẹ̀. Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru jáde lẹ gbé e sí?

Ìyá Ìbejì, Baltimore
9:45 àárọ̀

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an. Mo rò pé á fẹ́ ooru bíi tilé. Mo sì ń bomi rin ín lójoojúmọ́.

Ará Peckham, London
10:04 àárọ̀

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ooru ẹ̀rọ gbẹ, ó ń fa omi ara ewé jáde, ẹ̀yin náà wá ń rì gbòǹgbò lómi. Ìyà ọ̀tọ̀ lókè, ìyà ọ̀tọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí yàrá tó tutù díẹ̀ tó ní ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí erùpẹ̀ rẹ̀ gbẹ tó oríkèé ìka kan kẹ́ ẹ tó tún bomi sí i. Ẹ wo abẹ́ ewé náà, ẹ lè bá kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ta òwú bí aláǹtakùn. Ẹ gbé e sábẹ́ ṣáwà kẹ́ ẹ fi omi wẹ abẹ́ ewé dáadáa. Tí gbogbo ewé bá tilẹ̀ wọ́ tán, ẹ má dà á nù. Ẹ fi èékánná ha igi rẹ̀ díẹ̀: tí abẹ́ èèpo bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó wà láàyè. Nínú oṣù kẹrin, ẹ gé ẹ̀ka tó nípọn bíi bírò, gígùn rẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹ tì í bọ erùpẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ kò dojú rẹ̀ kọdò o. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mo bomi rin igi òkú fún oṣù kan gbáko.

Lórí alọ́tímẹ́ǹtì mi níbí, ìyẹn ilẹ̀ ọ̀gbìn kékeré tí mo yá, inú ilé ọ̀rá ni ewédú ń gbé látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí ẹ̀ẹ̀rùn wa kì í gbóná tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ ò mọ oore tẹ́ ẹ ní.

Bàbá Aláta, Houston
10:22 àárọ̀

Ó dáa, mo gbà pé mo kánjú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ti àpòòwé Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn kó tó di wàhálà. Ẹ má fi hóró ránṣẹ́ lásán o. Mo gbé ewédú àti ṣọkọ yòkòtò bọ̀ láti ilé lẹ́ẹ̀kan, mo sọ ọ́ lórí fọ́ọ̀mù pé mo ní in lọ́wọ́, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù lójú mi ní pápákọ̀ òfúrufú torí mi ò ní ìwé. Òfin ni pé kí ìwé ẹ̀rí wà láti orílẹ̀-èdè tó ti wá pé kò lárùn, tàbí kí ẹni tó ń gbà á níbí ti gba ìwé àṣẹ fún hóró díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn kò gbọdọ̀ ju hóró 50 tàbí gíráàmù 10 lọ nínú pákẹ́ẹ̀tì kan, pákẹ́ẹ̀tì kò sì gbọdọ̀ ju 50 lọ. Ó rọrùn ju ká máa fi pamọ́ sínú gàrí lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi pamọ́ sínú gàrí, mo mọ̀ yín.

Àgbẹ̀ Ilé, Ògbómọ̀ṣọ́
10:30 àárọ̀

Ó yé mi. Mo ti mú ọwọ́ kúrò nínú àpòòwé.

Alàgbà, Minnesota
11:15 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí àgbà sọ díẹ̀. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti wà nínú òjò dídì. Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ ló ń bọ́ sórí ebè rẹ yẹn, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbẹ̀ ibí ń pè é. Jẹ́ kó jókòó. Áàyù tí mo gbìn nínú oṣù kẹwàá wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí, ó ń sùn. Òtútù yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó pín sí awẹ́. Ohun tó ń pa áàyù ni kí ilẹ̀ máa dì, kó máa yọ́, kó tún dì, á ti orí rẹ̀ jáde. Tí òjò dídì bá bò ó, ilẹ̀ á dúró sójú kan.

Sọ fún ọkọ rẹ kó rọra lo ṣọ́bìrì. Kó tì í, kó má gbé e. Ọkàn ti kọ̀ fún ọ̀rẹ́ mi kan báyìí níwájú ilé rẹ̀.

Olóko Ẹ̀yìnkùlé, Philadelphia
11:40 àárọ̀

Alàgbà, ẹ ṣé sà. Ti ajílẹ̀ yẹn, náítírójìn tó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan, mi ò ní fi rọ́pò ààtàn mi. Omi rẹ̀ náà kò pọ̀ bó ṣe ń rí lójú: nǹkan bí ínṣì 10 òjò dídì ló ń yọ́ di ínṣì 1 omi. Ṣùgbọ́n bùláńkẹ́ẹ̀tì ni lóòótọ́, afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí òtútù wọlẹ̀. Lọ́dún 2016 tí Baltimore rí ínṣì 29.2 nínú oṣù kìíní, tiwa náà pọ̀ níbí. Nígbà tí mo gbẹ́ dé ebè mi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ilẹ̀ rọ̀, ìka mi wọlé. Ibi tí mo ti kó o kúrò nítòsí rẹ̀ le bí kọnkéré.

Alàgbà, Minnesota
11:52 àárọ̀

O ṣeun, ọ̀jọ̀gbọ́n. Bùláńkẹ́ẹ̀tì náà la ń wí.

Ìyá Ìbejì, Baltimore
8:47 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Ara ń ro mí bí ẹni roko.

Ata rodo ti wọlẹ̀: kọ́ọ̀pù 18, hóró méjì méjì. Ẹní oníná ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Títí dìgbà náà, mo gbé tíréè náà sí bésímẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbóná omi. Ewúro ti kúrò níbi ooru, mo ha igi rẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀ lábẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Kòkòrò yẹn sì wà lábẹ́ ewé lóòótọ́. Gálọ̀nù mílíìkì méjì ti wà níta pẹ̀lú kólládì.

Ẹ̀yin tísà, mo jẹ́ kí àwọn ìbejì ṣe ìdánwò yín. Táyé ka hóró, Kẹ́hìndé di aṣọ mú. Hóró ewédú le é kà ju bí mo ṣe rò lọ. Ó dúdú, ó kéré, igun-igun ló rí bí òkúta tí wọ́n fọ́. Méjì bọ́ sínú kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi iná fóònù wá a. Ìgbà tí wọ́n parí ni mo rí i pé àpò ọ̀rá mẹ́rin ló wà lórí tábìlì dípò mẹ́ta. Kẹ́hìndé ní òun fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí òun bá ka ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó.

Lọ́la, ilé ẹ̀kọ́ máa fi wákàtí méjì pẹ́ kó tó ṣí. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Baltimore
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án ìdánwò, 7:10 alẹ́

Èsì dé. Nínú ogún hóró, èyí tí a kò ṣe ní nǹkan kan: méjì ló hù. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́jú: márùn-ún. Kíka mẹ́wàá nínú omi gbígbóná: mẹ́rìndínlógún, mẹ́sàn-án nínú wọn sì ti yọ kó tó pé ọjọ́ kẹrin. Kíka ọgọ́rùn-ún ti Kẹ́hìndé: òdo. Hóró náà wú, ó rọ̀, ó ń rùn bí ewédú tó ti sùn mọ́jú.

Ata kò tíì yọjú. Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó kí n tó fọ ẹnu.

Àgbẹ̀ Ilé, Ògbómọ̀ṣọ́
7:31 alẹ́

Màmá mi ti gbọ́. Wọ́n ní kí n béèrè ẹni tó ń ka ọgọ́rùn-ún.

Ìyá Ṣadé, Chicago
7:44 alẹ́

Èmi ni. Èmi àti Kẹ́hìndé. Ìpè yẹn tilẹ̀ tó ogún ìṣẹ́jú. Ẹ bá mi kí màmá.

Kí lẹ máa fi mẹ́rìndínlógún tó hù ṣe báyìí? Òtútù ṣì wà níta.

Ìyá Ìbejì, Baltimore
8:02 alẹ́

Àwọn ìbejì kọ̀ kí n dà á nù. Ó wà nínú kọ́ọ̀pù lábẹ́ iná, wọ́n ti fún un lórúkọ níkọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé kò ní tó ọbẹ̀ ẹnu kan. Mi ò sọ fún wọn.

Ojú ọjọ́ ní òjò dídì tún ń bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn nísinsìnyí, ṣíbí mẹ́rin ni mo bá lábẹ́ ìrọ̀rí. Ọ̀kan nínú rẹ̀, ìpọnbẹ̀ mi ni. Mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀.